Bí Mo Ṣe Lo Ìsinmi Mi Tó Kọjá

Kò sí ẹni tó gba ilé-ìwé kọjá nílẹ̀ Yorùbá tí kò kọ àròkọ yìí rí. Bí sáà tuntun bá wọlé lóṣù Kẹsàn-án, kí wọ́n tó nu eruku orí bẹ́ǹṣì tán, olùkọ́ ti kọ ọ́ sójú pátákó: "Bí Mo Ṣe Lo Ìsinmi Mi Tó Kọjá." Bàbá mi kọ ọ́, èmi náà kọ ọ́, àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Yorùbá nílé-ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìbàdàn sì ń kọ ọ́ di òní olónìí. Bí mo bá kó ìwé wọn jọ láti máàkì, mo ti mọ ohun tó wà nínú èyí tó kàn kí n tó ṣí i. Ọmọ náà jí láàárọ̀, ó fọ ẹnu, ó wẹ̀, ó jẹun. Ó wọ mọ́tò lọ sí Èkó lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. Wọ́n lọ sí etí òkun, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹ ìrẹsì pẹ̀lú adìyẹ, wọ́n gbádùn ara wọn gan-an ni. Ìsinmi tán, ó padà sílé.

Púpọ̀ nínú wọn ni kò dé Èkó. Mo mọ̀, nítorí mo rí wọn. Mo rí èyí tó ń kiri ẹ̀pà, mo rí èyí tó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ata, mo rí èyí tí wọ́n fi sọ́dọ̀ télọ̀ kó má baà máa rìn kiri àdúgbò. Irọ́ tí wọ́n ń pa kọ́ ló ń dùn mí. Ìdí tí wọ́n fi ń pa á ni. Ọmọ tó fi gbogbo oṣù Kẹjọ ran bọ́tìnnì mọ́ aṣọ gbà pé bọ́tìnnì kò tó ohun tí èèyàn ń kọ sínú ìwé. Ó ti gbọ́ ọ lára wa, bóyá a sọ ọ́ síta tàbí a kò sọ ọ́, pé ìwé fẹ́ nǹkan ńlá, pé ilé ẹni kéré jù fún un.

Èrò yìí kò mọ sọ́dọ̀ ọmọdé. Mo máa ń bá a pàdé nínú ìwé ètò ìsìnkú. Ọmọ olóògbé á jókòó, á kọ ọ́ pé bàbá òun jẹ́ akínkanjú, aláàánú, olùfẹ́ ọmọnìkejì, kò sì ní sọ níbì kankan pé bàbá náà máa ń tún kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ àdúgbò ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sán Sátidé. Bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ yẹn ni gbogbo ẹni tó wá síbi òkú ń retí láti kà. Nígbà tí wọ́n bá kúrò níbẹ̀, òun náà ni wọ́n á máa sọ lójú ọ̀nà.

Mo gbà pé ìgbà ìsinmi ló dára jù láti fi kọ́ bí a ti ń kọ̀wé, n kò sì sọ bẹ́ẹ̀ torí pé àyè wà nìkan. Lásìkò iṣẹ́, ojú ẹni kì í balẹ̀ sára nǹkan. A ń kọjá lára ohun gbogbo ni, à ń lọ síbi tí agogo ń pè wá sí. Ìsinmi ló ń jẹ́ kí èèyàn jókòó ti ohun kan títí tí ohun náà á fi jẹ́ kó rí òun. Ohun tó sì wà nítòsí lásìkò náà ni ilé, àdúgbò, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó yí wa ká. Nínú wọn ni ẹ̀kọ́ ìwé kíkọ wà. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe rí i lọ́dọ̀ ọmọ kíláàsì mi kan, àti bí mo ṣe ń kọ́ ọ fúnra mi nídìí ìkòkò màmá mi.

Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn wa máa ń bọ́ sí ìgbà òjò. Ní òpin oṣù Keje tí sáà kẹta bá parí, àgbàdo tuntun ti gbòde, iṣu tuntun ti ń dé ọjà. Láàárín oṣù Kẹjọ òjò a dáwọ́ dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ. Ojú ọ̀run á ṣú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, aṣọ tí a sá kò ní tètè gbẹ. Àwọn ọmọ tí òbí wọn rí owó á lọ lésìnnì láàárọ̀. Àwọn yòókù á wà nídìí iṣẹ́: onídìrí, télọ̀, mẹkáníìkì, ìyá oníṣu. Lálẹ́, bí iná bá lọ, gbogbo ilé á bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ní kí àwọn ọmọ kọ nípa oṣù yẹn, gbogbo èyí ni wọ́n ń fò kọjá lọ sí Èkó.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi, SS1 ló wà nígbà náà. Ó kọ ti Èkó bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú etí òkun àti adìyẹ. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí a ti gba ọlidé ni mo ti ń rí i lọ́dọ̀ fọganáísà tó wà ní ìkóríta ilé wa, tó gbá taya mú láàárín orúnkún méjèèjì. Mo pè é lẹ́yìn kíláàsì. N kò bá a wí. Mo ní, "Báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí túùbù ti jò?"

Ó kọ́kọ́ wò mí bíi pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mú un. Nígbà tó rí i pé mo fẹ́ gbọ́ lóòótọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń bá a sọ ọ́. Wọ́n á yọ túùbù kúrò nínú taya, wọ́n á fẹ́ ẹ títí yóò fi wú, wọ́n á wá máa rì í bọ inú omi bàsíà ní ìdí kan sí ìdí kan, wọ́n á máa yí i. Ibi tí omi bá ti ń hó wùrùwùrù, ibẹ̀ ló ti jò. Ṣùgbọ́n ihò mìíràn wà tó kéré débi pé omi kò ní fi hàn bọ̀rọ̀. Fún irú ìyẹn, ọ̀gá rẹ̀ á gbé túùbù súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, á rọra máa yí i níbẹ̀, nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ a máa mọ afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí. Bó bá ti mọ̀ ọ́n, á fi ṣọ́ọ̀kì yí ojú ibẹ̀ po, á nù ún gbẹ, á fi fáìlì há a kó lè di pátìsì mú.

Mo ní kó lọ kọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn sílẹ̀, bó ṣe sọ ọ́. Ó béèrè bóyá ó wà nínú sílébọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kejì ó gbé e wá. Àṣìṣe àkọtọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, àmì ohùn kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á sétí kíláàsì, ariwo ẹ̀yìn, níbi tí wọn kì í ti í dákẹ́, dákẹ́. Bí mo ti dé ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọmọbìnrin kan níwájú gbé ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ láìmọ̀.

Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní àròkọ aṣàpèjúwe tipẹ́. Ìwé tí à ń lò sọ pé kí wọ́n ṣe ìlapa èrò, kí ìfáàrà wà, kí kókó ọ̀rọ̀ tẹ̀lé e ní ìpínrọ̀-ìpínrọ̀, kí ìkádìí sì wà. N kò bá ìyẹn jà, ìdánwò WAEC fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó mú ọmọbìnrin yẹn gbé ọwọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́ kò ti inú ìlapa èrò wá. Ọmọkùnrin náà mọ orúkọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan, ó mọ ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e, ó sì ti fi ara rẹ̀ ṣe é. Kò ní ìdí kankan láti wá ọ̀rọ̀ ńlá kiri. Ẹni tí ohun tó fẹ́ sọ kò bá yé ló máa ń wá a.

Èmi náà ń kọ́ ọ. Olùkọ́ Yorùbá ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a máa tún ìwé ọmọ ṣe, ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn jókòó kọ ohun tí ẹlòmíràn á fẹ́ kà dópin. Bí ọlidé bá ti dé, mo máa ń wọ mọ́tò ní Ọjọ́ọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, lọ́dọ̀ màmá mi. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń tà. Lọ́dún tó kọjá mo mú ìwé kékeré kan dání, mo sì pinnu pé ẹ̀kọ nìkan ni n ó máa kọ nípa rẹ̀ títí n ó fi padà. Ìpínrọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí:

"Ẹ̀kọ jẹ́ oúnjẹ pàtàkì tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn Yorùbá. Àgbàdo ni a fi ń ṣe é. Ó máa ń ṣe ara lóore, tọmọdé tàgbà ló sì fẹ́ràn rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni ẹ̀kọ ríro, ó gba sùúrù àti ìforítì."

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, gírámà rẹ̀ sì gún. Mo kà á fún màmá mi níbi tí wọ́n ti ń fọ ewé eéran. Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n ń bá ewé wọn lọ. Bí màmá mi bá sọ pé ó dáa láìgbé ojú sókè, ọ̀rọ̀ náà kò wọlé nìyẹn. Ẹni tí kò dé ìdí ẹ̀kọ rí láyé lè kọ ìpínrọ̀ yẹn. Màmá mi tó ti fi ẹ̀kọ tọ́ gbogbo wa kò rí ara wọn nínú rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí bá wọn ní ìdájí. Mo bá wọn gbé àgbàdo tó ti rẹ̀ lọ sí ẹ̀rọ, mo bá wọn sẹ́ ògì. Aṣọ funfun kan ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ, wọ́n á so ó mọ́ ẹnu ìkòkò gbọingbọin, wọ́n á máa da omi lé e, wọ́n á máa fi ọwọ́ rò ó títí eèrí nìkan á fi kù lórí aṣọ. Eèrí yẹn ni àwọn ewúrẹ́ agbolé ń dúró dè, wọ́n mọ àsìkò rẹ̀ ju agogo ilé-ìwé lọ. Ògì á wà nínú ìkòkò títí yóò fi tòrò, wọ́n á sì rọra da omidùn orí rẹ̀ sí ọ̀tọ̀. Àwọn tó ń fi í rẹ egbò igi àgbo máa ń wá bù ú. Gbogbo èyí ni mo ń kọ sínú ìwé kékeré mi, kì í ṣe ní gbólóhùn, orúkọ nǹkan lásán ni: aṣọ, eèrí, omidùn, orógùn, ìgbákọ. Nígbà tí mo kò bá mọ orúkọ ohun kan, mo ń bi wọ́n. Nígbà tí àwọn náà bá dáhùn, wọ́n á tún sọ èyí tí n kò bi wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni mo tún ìpínrọ̀ kan kọ:

"Màmá mi kì í wo ìkòkò bí wọ́n bá ń ro ẹ̀kọ. Wọ́n ń gbọ́ ọ ni. Bí ògì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú omi tó ń hó, orógùn á máa lọ wẹ́rẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ìkòkò á wá máa hó láti ìsàlẹ̀, kùtù, kùtù, á máa ta sí wọn lọ́wọ́. Wọn kò ní gbọ́wọ́ kúrò. Bí ìró yẹn bá ti ki, wọ́n á fa igi kan kúrò nínú iná, wọ́n á ní, 'Àbẹ̀kẹ́, na ìgbákọ yẹn sí mi.'"

Mo kà á fún wọn lálẹ́. Ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n ní, "Igi méjì ni mo máa ń fà kúrò. Bó bá ṣe ọ̀kan ni, ìdí rẹ̀ á jó."

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju ìyìn lọ. Ìgbà tí èèyàn bá rí nǹkan gan-an nínú ohun tí a kà ló tó lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá "iṣẹ́ ńlá ni, ó gba sùúrù" jiyàn, nítorí kò sí nǹkan níbẹ̀ tí a lè dì mú. Mo fi igi méjì sí i. Sùúrù àti ìforítì tí mo yọ kúrò kò sì sọnù. Ẹni tó bá ka ibi tí ẹ̀kọ gbígbóná ti ń ta sí wọn lọ́wọ́ tí wọn kò gbọ́wọ́ kúrò ti rí méjèèjì.

Láti ìgbà náà, n kò ka ohunkóhun sí èyí tó parí títí mo fi kà á sókè fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Mo ń fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dí. Ẹni tó jókòó tẹtí sílẹ̀ fún ọ á ṣe ojú àánú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣa ìrẹsì tàbí tó ń pọ́n ẹ̀kọ kò lè ṣe é. Bí ìwé bá dùn, ọwọ́ á falẹ̀. Bí kò bá dùn, ọwọ́ á máa yára. Mo ti wo ọwọ́ màmá mi títí mo fi mọ gbólóhùn tó gùn jù, mo mọ ibi tí mo ti ń tún ohun kan náà sọ, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọsẹ̀ lẹ́nu. Èdè tí ohùn ń gòkè tó ń sọ̀ bíi tiwa kò ṣeé fi ojú nìkan kọ. Gbólóhùn méjì tó parí sí ìsàlẹ̀ léra wọn lè mú kí ọ̀rọ̀ ayọ̀ dún bí ọ̀rọ̀ òkú, ẹnu nìkan ló sì lè sọ ìyẹn fún òǹkọ̀wé.

Ọ̀yọ́ tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ìlú tí ìwé kíkọ ṣàjèjì sí. St. Andrew's College tí ìjọ CMS dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1896 ni D. O. Fágúnwà ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ibẹ̀ náà ló sì ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní àwọn ọdún 1930. Ọgbà yẹn ni Yunifásítì Ajayi Crowther wà lónìí. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Iwin àti ẹ̀dá abàmì inú rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń rántí, ṣùgbọ́n bí ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọmọ mi kíyè sí: àgbàlagbà ọdẹ kan wá bá òǹkọ̀wé nílé, ó ní kó mú ohun ìkọ̀wé kó máa kọ ìtàn òun sílẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwọn èèyàn ń wá gbọ́, wọ́n ń pọ̀ sí i. Olùkọ́ ọmọdé ni Fágúnwà nígbà tó kọ ọ́. Ó mọ bí etí ṣe ń rẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń jí i.

Kí ìwé yẹn tó dé, I. B. Thomas tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó ti ń gbé lẹ́tà obìnrin kan jáde ní 1929 wọ 1930. Sẹ̀gilọlá ni obìnrin náà pe ara rẹ̀, arẹwà tó ti jayé l'Èkó, tí àìsàn wá gbé ṣánlẹ̀, tó ń ro ẹjọ́ ìgbésí-ayé rẹ̀ fún aráyé. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè, nítorí orúkọ àdúgbò Èkó, orin ìgbà náà àti ìṣe àwọn ará ìlú kún inú rẹ̀ bámú. Ẹni tó bá ń rò pé ohun tó wà ládùúgbò òun kò tó kọ, kó rántí pé ohun tó sọ Sẹ̀gilọlá di èèyàn lójú ará Èkó nìyẹn.

Ọmọ Ọ̀yọ́ náà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tó kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Nígbà ìsinmi mo máa ń mú ojú ìwé kan nínú iṣẹ́ rẹ̀, n ó fi bírò dà á kọ láìyí ohunkóhun padà. Ó dà bí iṣẹ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì ṣe é tọkàntọkàn. Bí èèyàn bá ń fi ojú kà á, Lápàdé àti àwọn ọ̀daràn tó ń lé á gbé e sáré lọ. Bó bá ń fi ọwọ́ kọ ọ́, á rí i pé Òkédìjí kì í jẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ìwé. Ọ̀nà tí ọ̀kan ń gbà búra yàtọ̀ sí ti èkejì, ọ̀rọ̀ á pọ̀ lẹ́nu wọn níbi tí ẹ̀rù ti ń bà wọ́n, á sì gé kúrú níbi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Fún ọmọ tó bá ń sọ pé abúlé òun kò ní nǹkan tí wọ́n ń kọ, Ogún Ọmọdé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1990 ni mo máa ń yá a. Ìgbà èwe ló wà nínú rẹ̀, ohun tí àwọn ọmọdé ń ṣe lábúlé. Ọ̀pọ̀ kì í dá a padà bọ̀rọ̀.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ nípa òwe, mo sì mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò ní fara mọ́ ọn. À ń kọ́ àwọn ọmọ pé òwe ló ń mú àròkọ dùn, a sì ń fún wọn ní máàkì lé e. Ohun tó dé ni pé wọ́n ti há òwe mẹ́wàá sórí, wọ́n ń to ó sínú àròkọ gbogbo, ìbáà jẹ́ nípa ìbò, ìbáà jẹ́ nípa ọjọ́ ìbí. Mo fẹ́ràn òwe. Nílé wa, màmá mi lè ro ẹ̀kọ tán, kí wọ́n tà á tán, kí wọ́n má pa òwe kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá pa ọ̀kan, gbogbo wa á dákẹ́, torí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ lásán kò lè gbé e mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ rí i nínú ìwé. Ọmọ tó bá sọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá ihò túùbù kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè òwe.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn máa ń lé ọ̀pọ̀ àgbà sá fún kíkọ Yorùbá. Wọ́n á ní, "Tíṣà, n kò mọ àmì í fi sí," wọ́n á sì kó o dà sí èdè òyìnbó. Ẹ má jẹ́ kó dá yín dúró. Àkọtọ́ tí à ń lò nílé-ìwé lónìí, 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti kọ́ ti ìṣáájú kó tó dé. Màmá mi tó jẹ́ pé Bíbélì àtijọ́ ni wọ́n fi mọ ìwé kà ṣì ń kọ "aiye" àti "enia", gbogbo ohun tí wọ́n bá sì kọ ló ń yé mi yékéyéké. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé n ó kọ ọ̀rọ̀ náà tán láìfi àmì sí i rárá, kí èrò má baà já. Ìgbà tí mo bá tún un kọ tó tẹ́ mi lọ́rùn ni mo máa ń padà wá fi àmì sí i. Lórí fóònù mi, Gboard ni mo fi ń ṣe é. Yorùbá wà nínú àwọn èdè rẹ̀, èèyàn á kàn lọ fi kún un níbi ètò rẹ̀ ni, ẹ, ọ àti ṣ á sì jáde. Mo wá rí i pé àkókò tí mo ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ ni mo ń rí àbùkù rẹ̀ jù. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi àmì sí sílébù kan láìpè é lẹ́nu. Nítorí náà, ẹni tó ń fi àmì sí ìwé rẹ̀ ń ka ìwé náà sókè fún ara rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ jù lọ, sílébù kan lẹ́yìn òmíràn, gbólóhùn tí kò bá sì nídìí láti wà níbẹ̀ á sú u kó tó fi àmì sí i tán.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba tàbí iṣẹ́ aládàáni máa ń sọ fún mi pé àwọn kò ní oṣù Kẹjọ bíi ti olùkọ́. Òótọ́ ni. Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà kò ní kí ìsinmi òṣìṣẹ́ tó bá ti lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 6. Ọjọ́ 6 tó láti kọ ojú ìwé kan dáadáa, bí èèyàn kò bá lérò láti kọ ìtàn gbogbo ayé rẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo. Ẹ lọ jókòó ti bàbá yín, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé kòkó ti gbẹ tó láti tà. Ẹ bi ìyá yín bí àwọn ṣe ń díwọ̀n iyọ̀ láìtọ́ ọ wò. Ẹ kọ orúkọ ohun èlò sílẹ̀ kí ẹ tó kọ gbólóhùn. Ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú kí ẹ tó tún un kà. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á sókè fún ẹni tó ni iṣẹ́ náà gan-an, kí ẹ dákẹ́ kó tún un ṣe fún yín. Àwọn òbí wa ń darúgbó, púpọ̀ nínú ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ kò sì sí nínú ìwé kankan. Ó ń jẹ mí lọ́kàn nígbà gbogbo pé ẹni tó yẹ kó kọ ọ́ sílẹ̀ wà nínú yàrá kejì, tó ń wo fóònù.

Fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo ti yí àkọlé padà. Ohun tí mo kọ sójú pátákó báyìí ni "Iṣẹ́ Kan tí Mo Rí Lọ́wọ́ Ẹnì Kan". Ojú ìwé kan péré ni mo fẹ́, n kò sì gba "a gbádùn ara wa" nínú rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n kùn, àwọn òbí méjì wá bi mí bóyá mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn máa tú àṣírí ilé síta. Mo fi àpẹẹrẹ hàn wọ́n, ọkàn wọn balẹ̀. Ọmọ kan kọ bí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe ń fá irun láìlo díńgí. Òmíràn kọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ka owó nínú òkùnkùn, tó ń fi àtàǹpàkò mọ igba yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. N kò tíì rí Èkó nínú ìkankan.

Èmi fúnra mi ti ń múra iṣẹ́ tó kàn sílẹ̀. Bàbá kan wà l'Ọ̀yọ́ tó ń fín igbá, òkìkí ìlú náà sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yẹn. Mo lọ kí wọn kí n tó padà s'Ìbàdàn, mo ṣàlàyé pé mo fẹ́ kọ nípa wọn, mo mú ìwé kékeré mi jáde. Bàbá wo ìwé náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n fi í sápò. Wọ́n ní bí mo bá dé lọ́lidé tó ń bọ̀, kí n kọ́kọ́ wá há inú igbá kan mọ́ tónítóní fúnra mi, nígbà náà ni n ó tó mọ ìbéèrè tó yẹ kí n bi àwọn. Mo ti sọ fún màmá mi pé kí wọ́n bá mi wá aṣọ tí n kò ní káàánú bó bá ya.